HÍTÀ ÀLÒKÙ NÍNÚ LAND ROVER ÀTIJỌ́: Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ OORU ÀTI ÈÉFÍN

Ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta yìí bọ́ sí ọwọ́ ẹgbẹ́ wa kékeré tó wà ní apá àríwá Ìlú Ọba. Nígbà tí Àpapọ̀ ní kí á mú ohun tí a fi ojú ara wa rí wá, tó sì lè ṣe ẹlòmíràn láǹfààní, kò sí èyí tó tún sún mọ́ wa ju ọ̀rọ̀ hítà àlòkù tí a rà sínú ọkọ̀ ẹgbẹ́ lọ. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin lè béèrè pé kí ló kan òun kan hítà. A bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin. Ọ̀rọ̀ èéfín tó wà nínú rẹ̀ kan ẹni tó wà nínú ooru gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ẹni tó wà nínú yìnyín.

ỌKỌ̀ WA ÀTI IṢẸ́ RẸ̀

Ọkọ̀ náà jẹ́ Land Rover Series III, irú èyí tó gùn, tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ṣe ní 1980. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni a ń ra ọjà pọ̀ ní ìlú ńlá: iṣu, gàárì, èlùbọ́, epo pupa àti ẹja gbígbẹ. Ọkọ̀ yìí ni a fi ń kó o lọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní àwọn abúlé orí òkè, níbi tí ọkọ̀ kékeré kì í lè gùn dé bí yìnyín bá bọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kúrò lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ títí di àárọ̀. Nítorí náà, bí a bá dé, a ó jókòó sínú ọkọ̀ nínú òkùnkùn fún wákàtí kan tàbí méjì láti dúró dè wọ́n. Níbi ìjókòó yìí ni ojú wa ti rí màbo.

ÌDÍ TÍ IRÚ ỌKỌ̀ BẸ́Ẹ̀ FI Ń TUTÙ

Ní 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé Land Rover hàn fún aráyé ní ìlú Amsterdam. Ogun àgbáyé kejì kò tíì pẹ́ tó parí nígbà náà, irin ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì fi alumíníọ́mù ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ara ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá ti di etí ìkòkò alumíníọ́mù mú lórí iná rí mọ bó ṣe ń yára gbé ooru. Bó ṣe ń gbé ooru wọlé náà ló ń gbé e jáde. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé pinpin, ihò wà nídìí jíà, kò sì sí ohun tó bo inú ògiri rẹ̀.

Hítà tó bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá ń gba ooru lára omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kì í tètè gbóná. Bí a bá sì pa á, ooru náà kì í pẹ́ tán. Bí a bá ní kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró ńkọ́? Epo ń jó dànù, ariwo kò jẹ́ kí ará àdúgbò sùn, òfin ojú pópó níbẹ̀ kò sì fẹ́ kí ọkọ̀ tó dúró máa ṣiṣẹ́ láìnídìí. Ìdí nìyí tí a fi wá hítà tó lè dá ṣiṣẹ́ láìsí ẹ́ńjìnnì.

BÍ HÍTÀ DÍSẸ́Ẹ̀LÌ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Àwọn olùṣe tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni Webasto àti Eberspächer, ilẹ̀ Jámánì sì ni àwọn méjèèjì. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nípa ìṣe rẹ̀ rọrùn.

Póm̀pù kékeré kan ń fa dísẹ́ẹ̀lì láti inú táǹkì, ó sì ń kán an díẹ̀díẹ̀ sínú hítà. Ẹ ó máa gbọ́ ọ bí ó ti ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Plọ́ọ̀gì kan á pọ́n bí ẹyin iná, á sì mú kí epo náà gbiná. Fáànù kan ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta wá fún iná náà, páìpù kan sì ń tú èéfín padà sí ìta. Inú ìkòkò irin kan tó dé pinpin ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Fáànù kejì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ mìíràn gba ẹ̀yìn ìkòkò náà kọjá. Afẹ́fẹ́ kejì yìí nìkan ló ń wọ inú ọkọ̀ tọ̀ wá wá.

Ẹ wò ó bí ìkòkò ọbẹ̀ tí a dojú rẹ̀ dé. Nílé ìdáná, iná wà níta, ọbẹ̀ wà nínú. Nínú hítà, iná ló wà nínú, afẹ́fẹ́ tí a ó mí ló wà níta. Bí ìkòkò bá lu, ọbẹ̀ á pa iná. Bí ìkòkò hítà bá lu, iná kò ní kú. Èéfín á dara pọ̀ mọ́ ohun tí à ń mí, a kò sì ní mọ̀. Orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ wa dúró lé.

Ti epo kò le. Hítà kékeré tó ní agbára kilowatt 2 ń lo nǹkan bí ìdá mẹ́wàá lítà kan ní wákàtí kan bí a bá dín in kù, ó sì lè lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́rin lítà bí a bá gbé e sókè pátápátá. Iná bátìrì tó ń gbà láti fi tàn lè tó amp 8 sí 10 fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí plọ́ọ̀gì tó ń pọ́n. Lẹ́yìn náà ó máa ń dín kù sí nǹkan bí amp 1 sí 3. Bátìrì tó ti rẹ̀ kò ní lè tàn án.

BÍ A ṢE Ń RA ÀLÒKÙ

Ohun tí à ń pè ní tòkunbọ̀ nílé, àlòkù lásán ni lọ́dọ̀ wọn níhìn-ín, kò sì sí ìyàtọ̀ nínú ọgbọ́n tí a fi ń rà á. Ẹ béèrè nǹkan márùn-ún yìí kí ẹ tó mú owó jáde.

Èkíní, ṣé afẹ́fẹ́ ló ń mú gbóná ni, tàbí omi? Àwọn tí wọ́n ń tú lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bíi Freelander àti Discovery sábà máa ń jẹ́ ti omi. Omi ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń mú gbóná. Àwọn mìíràn nínú wọn sì ń dúró de àṣẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tí wọ́n ti wá kí wọ́n tó tàn. Fún ìjókòó bíi tiwa, ti afẹ́fẹ́ ló rọrùn jù.

Èkejì, ṣé volt 12 ni tàbí volt 24? Ọ̀pọ̀ hítà àlòkù wá láti ara ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, volt 24 sì ni wọ́n. Volt 12 ni Land Rover, àfi díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe fún ológun. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Ẹ má fi ẹnu olùtajà ṣe ẹ̀rí.

Ẹ̀kẹta, ọmọ ọdún mélòó ni? Ìwé àwọn olùṣe rẹ̀ sọ pé kí a pààrọ̀ ìkòkò irin inú hítà afẹ́fẹ́ bí ó bá ti pé ọdún 10. Hítà tí kò ní ọjọ́ orí tí a lè kà lára rẹ̀, ẹ kà á sí arúgbó.

Ẹ̀kẹrin, ṣé ó pé? Olùtajà lè gbé orí hítà nìkan fún yín, láìsí póm̀pù, wáyà, bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án àti páìpù èéfín. Ẹ ṣírò iye tí gbogbo ìwọ̀nyí yóò jẹ́ kí ẹ tó sọ pé ó pọ́ọ̀kú. Ní òde òní, hítà tuntun tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà wà lórí àtẹ tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé àlòkù tí kò pé yóò gba owó jù ú lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ṣé a lè rí i kó ṣiṣẹ́? Bátìrì kan àti ìgò dísẹ́ẹ̀lì kan ti tó láti dán an wò ní gbangba ìta. Èéfín funfun díẹ̀ nígbà tó bá ń tàn kì í ṣe ẹ̀sùn. Epo tí kò tíì jó ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń tú èéfín dúdú lẹ́yìn tó ti gbóná, èédú ti dí i nínú. Bí òórùn èéfín bá sì ń jáde láti ojú ihò tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà jáde, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ máa lọ.

BÍ A ṢE Ń FI Í SÍNÚ ỌKỌ̀

Ti epo: bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti dísẹ́ẹ̀lì, a lè fa epo láti inú táǹkì rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti bẹntiróòlù, táǹkì kékeré ti dísẹ́ẹ̀lì ni a ó fi sí i lọ́tọ̀. Bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ dé inú hítà dísẹ́ẹ̀lì láéláé. Páìpù epo tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí á lò, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń dúró sínú èyí tó fẹ̀, iná á sì máa kú. Kí á de póm̀pù ní dídagun, kí ẹnu tí epo ń gbà jáde kọjú sókè, kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà lọ.

Ti iná bátìrì: wáyà tó nípọn ni kí á fà láti orí bátìrì gan-an, kí á sì fi fíúùsì sí i nítòsí bátìrì. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ pe réwáyà. Bọ́tìnnì hítà nìkan ni kí á máa fi pa á. Bí a bá ti pa á, fáànù rẹ̀ yóò ṣì máa fẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ìkòkò lè tutù. Ẹni tó bá yọ wáyà bátìrì nígbà náà ń ba nǹkan rẹ̀ jẹ́ ni.

Ti ẹnu méjì ìsàlẹ̀: ẹnu tó ń fa afẹ́fẹ́ fún iná àti ẹnu tó ń tú èéfín gbọ́dọ̀ wà ní ìta ọkọ̀, kí wọ́n sì jìnnà sí ara wọn. Kí ojú ibi tí hítà ti gba inú ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá dí pinpin.

Ti páìpù èéfín, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sàlẹ́ńsà: irin tí kì í dípẹtà ni kí ó jẹ́. Kí ó jìnnà sí páìpù epo, sí wáyà àti sí rọ́bà bíréèkì, nítorí ó ń gbóná gidigidi. Kí á lu ihò wẹ́wẹ́ kan sí ibi tó rẹlẹ̀ jù lára rẹ̀ kí omi lè máa ro jáde. Kí ẹnu rẹ̀ sì jáde tán kúrò lábẹ́ ọkọ̀, kí ó má kọjú síwájú, kí ó má sì wà lábẹ́ fèrèsé. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ni àwa kò pa mọ́.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Nígbà tí a gbé ìwé ìnáwó hítà lọ fún Ìyá Akápò wa, gbogbo rẹ̀ ló pé lójú wa: hítà, póm̀pù, wáyà, fíúùsì. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, iná lẹ fẹ́ dá sínú àpótí. Aago tó ń ké bí gáàsì bá wọlé dà? Bí kò bá sí nínú ìwé yìí, kálámù mi kò ní kàn án." A bẹ̀ wọ́n, wọn kò gbà. A kùn díẹ̀, a ní àgbà ti ń bẹ̀rù jù. Ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ ni pé owó kì í jáde láìsí ìfọwọ́sí akápò, nítorí náà a ra aago náà, a sì gbé e kọ́ sínú ọkọ̀.

Páìpù èéfín tí olùtajà kó mọ́ hítà fún wa kúrú. A ní kí á fi owó pa mọ́. A jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ parí sábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, a ní atẹ́gùn yóò gbé èéfín lọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, inú wa ń dùn. A ń jókòó bí ẹni tó wà nílé.

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù January, a dúró lẹ́bàá ògiri òkúta kan ní abúlé orí òkè. Yìnyín ti ga yí ọkọ̀ ká. Àwa mẹ́ta la wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọ̀kan nínú wa fi ní orí ń fọ́ òun. A ní àìsùn ni. Ó ní èébì ń gbé òun. A ní kó mu omi. Àfi bí aago ṣe ké lójijì! Ariwo rẹ̀ gba gbogbo inú ọkọ̀. A ṣí ilẹ̀kùn, a pa hítà, a fa arákùnrin náà jáde sínú òtútù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́. Ní ọsibítù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí i nímú. Ara rẹ̀ yá, a dúpẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a wo abẹ́ ọkọ̀. Ògiri àti yìnyín ti dí ọ̀nà atẹ́gùn. Èéfín kó jọ sábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ó sì gba ihò ìdí jíà wọlé. Hítà kò ní àlèébù kankan. Ọwọ́ wa ni àlèébù wà. A ra páìpù tó gùn tó, a mú un jáde tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, a dí gbogbo ihò ilẹ̀ ọkọ̀. Láti ìgbà náà, kí a tó tan hítà, ẹnì kan á sọ̀ kalẹ̀ láti ro yìnyín kúrò lẹ́nu páìpù.

GÁÀSÌ TÍ A KÌ Í RÍ

Carbon monoxide ni wọ́n ń pe gáàsì náà. Iná tí afẹ́fẹ́ kò tó ló ń bí i. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí ó bá wọ ẹ̀jẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ó yẹ kí ọ́síjìn jókòó sí, agbára tó sì fi ń lẹ̀ mọ́ ọn ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Àmì rẹ̀ ni orí fífọ́, òòyì, èébì, àárẹ̀ àti ìdàrúdàpọ̀ ọkàn. Àmì wọ̀nyí jọ ti ibà, wọ́n jọ ti àìsùn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tan ènìyàn jẹ.

Àwọn baba wa ní èéfín ni ìwà; bó ti wù kí a bò ó mọ́lẹ̀ tó, yóò rú jáde. Èyí kì í rú síta kí a rí i. Nítorí náà ni aago fi jẹ́ ojú wa. Irú èyí tó bá ọkọ̀ mu ni kí ẹ rà. Ẹ wo nọ́ńbà EN 50291-2 lára rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn yín. Gáàsì kan náà ló ń jáde láti inú jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sábẹ́ fèrèsé nítorí olè. Òun náà ló ń jáde láti inú ìkòkò èédú tí a gbé wọ yàrá nítorí òtútù ọyẹ́ tàbí nítorí ọmọ tuntun. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìròyìn ìdílé tó sùn lálẹ́ tí wọn kò jí ní òwúrọ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi èéfín sí ẹnu fèrèsé sùn. Kí jẹnẹrétọ̀ wà ní gbangba ìta, kí ó jìnnà sí ilé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú síbòmíràn.

ÌTỌ́JÚ

Ẹ máa tan hítà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kódà nígbà ooru. Ẹ má fi í sílẹ̀ lórí èyí tó kéré jù nígbà gbogbo, nítorí èédú yóò dí i. Ẹ máa gbé e sókè pátápátá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa á kí ẹ tó wọ ilé epo. Ẹ má ṣe tàn án nínú gáréèjì tí a tì. Ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò pé ẹ fi í sínú ọkọ̀. Ẹ sì rántí pé láti oṣù May 2018, ọkọ̀ tó ti lé ní ọdún 40, tí a kò tún ìpìlẹ̀ rẹ̀ yí padà láàárín ọdún 30 tó kọjá, lè bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT. Ọkọ̀ wa wà lára wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kì yóò wá wo abẹ́ rẹ̀ fún wa. Àwa fúnra wa ni olùyẹ̀wò.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ FI YÀTỌ̀

Ní 21 December 1844, àwọn aṣáájú Rochdale ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn ní ojú ọ̀nà Toad Lane, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè kan náà tí Land Rover wa ń gùn. Ọjà tí kò ní àbùlà àti òṣùwọ̀n tó péye ni wọ́n gbé kalẹ̀. Àwọn oníṣòwò ìgbà náà tí ń po ọjà mọ́ nǹkan mìíràn kò ṣọ̀wọ́n. Ohun tí ẹgbẹ́ wọn fún wọn ju ọ̀pọ̀ ọjà lọ. Ó fún wọn ní ojú kejì tó ń wo ohun tí ẹnì kan lè fojú fò.

Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú wa ló dá ra hítà náà, kì bá tí ra aago. Owó díẹ̀ ni ì bá fi pa mọ́. Ìfọwọ́sí akápò, tí à ń rò pé ìdádúró lásán ni, ni kò jẹ́ kí á gbé òkú mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí Màmá bá ní kí á mú ìwé ìnáwó padà lọ tún ṣe, a kì í kùn mọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín afẹ́fẹ́ tí iná hítà ń lò àti afẹ́fẹ́ tí à ń mí nínú ọkọ̀?

2. Ẹ dárúkọ nǹkan márùn-ún tó yẹ kí á béèrè kí á tó ra hítà àlòkù. Èwo nínú wọn ló kan àlòkù jẹnẹrétọ̀ tàbí fíríìjì?

3. Níbo ni jẹnẹrétọ̀ wà nílé ọ̀kọ̀ọ̀kan wa? Ta ni yóò lọ bá aládùúgbò rẹ̀ wò ó kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé?

4. Ìgbà wo ni ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ kùn sí ìfọwọ́sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí a sì wá rí àǹfààní rẹ̀ nígbẹ̀yìn?

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí á máa jókòó nínú ooru, kí á sì máa jí láyọ̀. Ire o.